Kí Ló Ń Kan Kọ̀-kọ̀-kọ̀ Lẹ́sẹ̀ Ọkọ̀ Asáré Àtijọ́ Yìí?

Lẹ́tà mẹ́ta tó dé bá wa lóṣù yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan náà: ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ń dún, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí ibi tó ti ń dún. A fi èyí tó kún jù nínú wọn ṣáájú.

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ

Ọ̀gá mi, mo kí yín fún iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lójú ìwé yìí. Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. Lọ́dún tó kọjá, mo ra Mazda MX-5 ọdún 1996, oní-ẹ́ńjìnnì 1.8, lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà kan tó tọ́jú rẹ̀ gan-an. Ọkọ̀ náà wù mí, ó sì wu gbogbo ẹni tó bá rí i, ṣùgbọ́n ariwo kan wà lẹ́sẹ̀ iwájú rẹ̀ tí kò jẹ́ kí n gbádùn rẹ̀. Bí mo bá ń lọ jẹ́jẹ́ lórí ọ̀nà tí wọ́n ti lẹ̀ káàkiri, tàbí tí mo bá gun bọ́ǹpù, yóò máa kan kọ̀-kọ̀-kọ̀ lápá òsì. Bí mo bá bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ tí mo ń sáré, n kò ní gbọ́ ọ mọ́. Bí mo bá yí sítíárìn lójú kan, kò ní dún. Nínú òjò àti nínú oòrùn, bákan náà ni.

Mo ti náwó sí i. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ pààrọ̀ líǹkéèjì sítébíláísà méjèèjì, àwọn irin kékeré tó so ọ̀pá sítébíláísà mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó sì jọ lójú mi pé ariwo dínkù, bóyá nítorí owó tí mo san ni. Ẹnìkejì sọ pé bíárìn tó wà lórí ṣọ́ọ̀kì ló ti jẹ, pé kí n lọ mú owó wá. Mo gbé ọkọ̀ lọ fún MOT, àyẹ̀wò ọdọọdún tí òfin Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè, ó yege láìsí àléébù kankan. Bàbá tó tà á fún mi ní òun kò gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo ọdún tí òun fi lò ó. Mo fẹ́ gbàgbé láti sọ pé kété tí mo rà á ni mo ti fi ṣọ́ọ̀kì tuntun sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí náà ṣọ́ọ̀kì kò lè wà lára ohun tó ń dún. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n tà á kó tó sọ mí di onígbèsè. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Òǹkàwé yín, Peckham.

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìnáwó o. Ẹ má san owó bíárìn tí mẹkáníìkì kejì ń béèrè, nítorí pé ọkọ̀ yín kò ní irú bíárìn bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tó wà nígboro, ṣọ́ọ̀kì iwájú máa ń bá táyà yí bí a bá ti ń yí sítíárìn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi bíárìn sí orí rẹ̀. MX-5 ti ìran àkọ́kọ́, tó jáde ní 1989 tí wọ́n sì ń ṣe é títí di 1997, kò rí bẹ́ẹ̀. Aàmù méjì ló di ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì ẹnu àwọn aàmù náà sì ni ẹsẹ̀ fi ń yí. Ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì kàn dúró sáàárín wọn ni, wọn kì í yí rárá. Ẹni tó bá ń bu owó lé ohun tí kò sí lára ọkọ̀, kò tíì bẹ ọkọ̀ náà wò.

Gbólóhùn tó ṣe pàtàkì jù nínú lẹ́tà yín ni èyí tí ẹ fẹ́ gbàgbé. Kété tí ẹ ra ọkọ̀ lẹ pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, ẹni tó sì lò ó ṣáájú yín kò mọ ariwo yìí rí. Pé nǹkan jẹ́ tuntun kò sọ pé wọ́n dì í dáadáa, bí wọ́n bá sì ní kí n tọ́ka sí ibì kan ṣoṣo láti orí àga tí mo jókòó sí, orí ṣọ́ọ̀kì iwájú lápá òsì ni n ó tọ́ka sí. Ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì gba inú rọ́bà kan kọjá lókè, nọ́ọ̀tù kan ló sì dè é. Bí ẹni tó ń ṣe é bá kàn fi sípánà oníná gbá nọ́ọ̀tù náà láìfi nǹkan mìíràn di ọ̀pá mú, ọ̀pá lè máa bá nọ́ọ̀tù yí lọ láìjẹ́ pé ó fún. Lójú, yóò dà bíi pé ó ti dé ìdí. Bí ẹ bá fọwọ́ mì ín, kò ní mì. Ṣùgbọ́n bí táyà bá ti bọ́ sínú kòtò kékeré, ọ̀pá yóò fò sókè, yóò tún wálẹ̀, nínú àlàfo tí kò ju ìnípọn èékánná lọ, irin yóò sì kan irin. Bí wọ́n bá gbàgbé wáṣà kan sílẹ̀, tàbí tí wọ́n da ojú rẹ̀ dé, ohun kan náà ni yóò ṣẹlẹ̀. Ó sì bá ohun tí ẹ kọ mu pé kò dún lójú ọ̀nà márosẹ̀: ọ̀nà tó tẹ́ kì í mú kí ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì máa fò láti òkè sí ìsàlẹ̀ lemọ́lemọ́, atẹ́gùn àti ohùn táyà nínú ọkọ̀ olórùlé aṣọ sì tó láti bo ìwọ̀nba tó bá kù mọ́lẹ̀.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí ẹ tú ohunkóhun nítorí pé èmi ni mo sọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ yọ ẹrù kúrò nínú búùtù. Táyà àpọ́jù, jáàkì àti bátìrì pàápàá, inú búùtù ni gbogbo wọn wà nínú ọkọ̀ yìí, bí okùn tó de bátìrì bá sì ti dẹ̀, ohun tí yóò máa kàn níbẹ̀ lè mú kí èèyàn ra ẹsẹ̀ iwájú tuntun lásán. Ariwo máa ń rìn nínú irin ọkọ̀. Bí ìgbà tí wọ́n ń gúnyán nínú ilé alájà ni, gbogbo ògiri ni yóò máa gbọ̀n, ẹni tó wà ní yàrá kò sì ní tètè mọ ibi tí odó wà. Nítorí náà, òsì tí ẹ ń gbọ́ lè jẹ́ ọ̀tún. Ẹ tún rántí iná iwájú ọkọ̀ yín tó ń yọ sókè tó sì ń padà sínú ihò. Rọ́bà kéékèèké ló ń gbá ideri rẹ̀ dúró, bí wọ́n bá sì ti gbẹ, ideri yóò máa lu ara ọkọ̀. Ẹ gbé iná náà sókè, kí ẹ gun bọ́ǹpù kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo mọ̀ pé èyí jọ eré ọmọdé, ṣùgbọ́n kò gba kọ́bọ̀.

Àwọn bọ́ǹpù Lọ́ńdọ̀nù gan-an lè ṣe iṣẹ́ yìí fún yín láìgba owó. Oríṣi méjì ló wà níbẹ̀: èyí tó nà láti etí ọ̀nà kan dé èkejì, tí táyà iwájú méjèèjì máa ń gùn lẹ́ẹ̀kan náà, àti èyí tó rí bíi tìmùtìmù onígun mẹ́rin, tí ẹ lè fi táyà ẹyọ kan gùn bí ẹ bá wa ọkọ̀ gba ẹ̀gbẹ́. Sítébíláísà, ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ òsì mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, kì í ṣiṣẹ́ àfi tí ẹsẹ̀ kan bá gòkè tí èkejì dúró. Bí méjèèjì bá jọ gòkè, yíyí lásán ló máa ń yí nínú rọ́bà rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé orí tìmùtìmù nìkan ni ariwo yìí ti ń wá, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wà lára sítébíláísà àti líǹkéèjì rẹ̀, tuntun ni wọ́n o, àtijọ́ ni wọ́n o. Bí ó bá ń dún lórí èyí tó nà gbọọrọ pẹ̀lú, ṣọ́ọ̀kì àti aàmù ni kí ẹ kọjú sí. Níbi tí ẹ bá ti ń gùn ún, ẹ tún fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Bí ariwo bá dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, páàdì bíréèkì tàbí pín-ìnnì kálípà, ohun tó di páàdì mú, ló ń jó nínú ilé rẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì tí mò ń sọ láti òkè wá sì di asán.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kí ẹnì kan tó lágbára dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kó máa tẹ igun iwájú òsì mọ́lẹ̀ kó sì máa jù ú sílẹ̀, kí ẹ̀yin fi ìka méjì lé orí nọ́ọ̀tù ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì, níbi tó ti yọrí nínú ilé ẹ́ńjìnnì. Etí lè tàn yín jẹ, ìka kì í sábà tàn ní ibi báyìí: bí ọ̀pá bá ń jó, ẹ ó mọ̀ ọ́n lórí ìka, ó lè jẹ́ fíń báyìí ni yóò ta yín. Ẹ lọ sí apá ọ̀tún kí ẹ ṣe bákan náà, kí ẹ lè mọ ìyàtọ̀. Bí ẹ bá rí i pé ó ń jó, kí mẹkáníìkì fi irin di ọ̀pá mú, kó sì fi ọwọ́ fún nọ́ọ̀tù náà dé ìwọ̀n tó wà nínú ìwé àtúnṣe ọkọ̀ náà.

Bí orí ṣọ́ọ̀kì bá dúró ṣinṣin, ẹ wo ohun mìíràn tí iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì yẹn kàn. Láti yọ ṣọ́ọ̀kì iwájú MX-5, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló ń tú bọ́ọ̀tù gígùn tó gba inú aàmù òkè kọjá. Búùṣì inú aàmù yìí jẹ́ rọ́bà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin nínú àti lóde. Kì í yọ̀ nínú ilé rẹ̀, fífà ni rọ́bà fúnra rẹ̀ ń fà bí aàmù bá ń gòkè sọ̀kalẹ̀. Bí wọ́n bá fún bọ́ọ̀tù náà nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì tí ẹsẹ̀ ń fì, ipò ìfì yẹn ni rọ́bà yóò gbà ní ipò ìsinmi rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀, rọ́bà ti lọ́ mọ́ra, yóò wà ní lílọ́ bẹ́ẹ̀ títí, yóò máa kérora, yóò sì ya láìpẹ́. Àtúnṣe rẹ̀ kò ná yín ní ohun tí a ń rà: ẹ dẹ bọ́ọ̀tù náà àti bọ́ọ̀tù ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì díẹ̀, kí ọkọ̀ dúró lórí táyà rẹ̀, ẹ mì ín dáadáa kó lè jókòó, kí wọ́n tó wá fún wọn lórí ọkọ̀ tó dúró bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀tù inú aàmù ìsàlẹ̀ nìkan ni kí wọ́n má fọwọ́ kàn láìfi ẹfun ìkọ̀wé sàmì sí i ná, torí pé orí rẹ̀ ló ń darí aláìnmẹ́ǹtì, ìyẹn bí táyà ṣe dúró tọ́, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nígbà òtútù ní Gẹ̀ẹ́sì sì máa ń mú kó dípẹtà mọ́ inú búùṣì débi pé gígé ni wọ́n ń gé òmíràn.

Bí gbogbo èyí kò bá mú un, ẹ tú líǹkéèjì sítébíláísà iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ẹ so wọ́n sókè kí wọ́n má baà gbá táyà, kí ẹ sì wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ ní àdúgbò. Ọkọ̀ yóò máa fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní kọ́nà, nítorí náà ẹ má gbé e dé ọ̀nà ńlá. Bí ilé bá dákẹ́, a ti rí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn.

Ní ti MOT, ẹ má jẹ́ kí ó dà yín láàmú. Ẹni tó ń ṣe é kò ní àṣẹ láti tú ọkọ̀ yín. Ó ń wá ohun tó ti jẹ kọjá ààlà, tó ti fọ́ tàbí tó ń jò, ariwo lásán kì í sì í jẹ́ kí ọkọ̀ pàdánù. Ohun kan wà tí ìwé ẹ̀rí yẹn fi yé mi: bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì yín kò tíì burú. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n fún wa lọ́jọ́ díẹ̀ sí i.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Ẹ kú iṣẹ́ o. BMW Z3 tokunbo ni mò ń wà ní Súrùlérè, ọdún 1998, onígíà ọwọ́. Bí mo bá yí jíà láti rífáàsì sí iwájú tí mo tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, nǹkan yóò dún gbì lẹ́yìn. Bí mo bá sì bọ́ sínú gálọ́ọ̀pù, yóò tún dún. Mẹkáníìkì mi ní kí n ra ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì ní Ládípọ̀. Ṣé kí n rà á?

ÌDÁHÙN

Ẹ dúró ná. Ṣọ́ọ̀kì kò mọ̀ bóyá ẹ wà ní rífáàsì tàbí ní jíà kìíní. Ohun tó bá ń dún nítorí pé a yí jíà padà, ọ̀nà tí agbára ẹ́ńjìnnì ń gbà dé táyà ló wà, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ariwo méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọkọ̀ yín ní, tí ẹ gbọ́ pọ̀ mọ́ ara wọn.

Gbì ti gálọ́ọ̀pù, mo lè gbà pẹ̀lú mẹkáníìkì yín pé àdúgbò ṣọ́ọ̀kì ni, ṣùgbọ́n rọ́bà tó di orí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn mọ́ ara ọkọ̀ ni n ó kọ́kọ́ fura sí, nítorí pé ó máa ń tètè ya lára àwọn BMW tó bá Z3 pín irú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yẹn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lápá méjèèjì, kí ẹ sì ra tuntun. Irin tokunbo ṣeé rà. Rọ́bà tokunbo, ọjọ́ orí kan náà ni òun àti èyí tí ẹ fẹ́ jù nù.

Gbì ti jíà ló gba mí lọ́kàn. Lára Z3, tí wọ́n ṣe ní Spartanburg ní South Carolina láti 1995 títí di 2002, abẹ́ ilẹ̀ búùtù ni wọ́n fi bọ́ọ̀tù so ẹ̀yìn dífẹ̀rẹ́ńṣà, ohun tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì, mọ́. Rọ́bà tó wà níbẹ̀ lè ti kú, ìyẹn kò le. Èyí tó le ni kí ilẹ̀ búùtù fúnra rẹ̀ ti ya níbi tí wọ́n ti fi wẹ́dà kán an pọ̀, àrùn tí àwọn Z3 alágbára, àwọn tí wọ́n ń pè ní M, ti sọ di olókìkí, tí àwọn tó kù kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù kúrò pátá. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ilẹ̀ rẹ̀ nínú, kí ẹ tún wo abẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ ẹrẹ̀ kúrò: ẹ wá ibi tí ọ̀dà ti là fẹ́ẹ́rẹ́ tí ìpẹtà sì ti ń ṣàn jáde níbẹ̀ ní ìlà, tàbí ibi tí irin méjì ti fẹ́ ya ara wọn. Kí mẹkáníìkì fi ọ̀pá irin gbé dífẹ̀rẹ́ńṣà sókè díẹ̀ kí ẹ wo ohun tó ń mì. Bí rọ́bà nìkan ló mì, inú wa dùn. Bí ilẹ̀ búùtù bá bá a gòkè, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kí ẹ má wa ọkọ̀ náà títí wẹ́dà tó mọṣẹ́ yóò fi fi irin tó nípọn kún ibẹ̀. Kí ẹ tó jẹ́ kí wẹ́dà tan iná, ẹ yọ okùn bátìrì, kí ẹ sì rántí pé tánkì epo kò jìnnà sí ibẹ̀.

ÌBÉÈRÈ KẸTA

Láti Ìbàdàn: Toyota Celica mi ń ké wìn-ín wìn-ín lẹ́sẹ̀ iwájú ní àárọ̀. Mẹkáníìkì máa ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí àwọn búùṣì, yóò dákẹ́ fún ọjọ́ bíi méjì, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Ṣé ó dára?

ÌDÁHÙN

Kò dára. Ọ́ìlì máa ń wọ inú rọ́bà, yóò mú kó wú, yóò sì mú kó rọ̀ jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ títí tí yóò fi fọ́, nítorí náà ẹ ń sanwó láti pa ohun tí ẹ fẹ́ wò sàn. Omi ló yẹ kí ẹ fi wá a. Ẹ bu omi sínú ike tó ń fọ́n, kí ẹnì kan máa tẹ iwájú ọkọ̀ mọ́lẹ̀ bí ó ti ń ké, kí ẹ sì fọ́n ọn sí búùṣì kan ṣoṣo. Ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó fọ́n sí òmíràn, nítorí bí ẹ bá rin gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn ni yóò dákẹ́, ẹ kò sì ní mọ èyí tó jẹ̀bi. Èyí tó bá panu mọ́ nígbà tí omi kàn án, òun ni kí ẹ pààrọ̀, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ ní ẹsẹ̀ kejì, ní ọjọ́ kan náà.